Ẹ da omi sí ajá yín lára

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ajá Pug ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ní. Bí ooru bá ti mú, ṣe ni yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí yóò máa hanrun lójú ayé. Wọ́n ní kí n fá irun rẹ̀, kí n fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù, kí n sì fi aṣọ ìnura tútù bò ó. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ da omi tútù sí i lára, pé ó lè pa á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni hóró oògùn tí mo máa fún un ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní ìkankan. Parasẹtamọ́ọ̀lù lè ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́, kò sì lè dín ooru yìí kù, torí kì í ṣe ibà. Nínú ibà, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ní kí ara gbóná, ibẹ̀ ni oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ooru ti ajá yín, ìta ló ti wá tàbí láti inú eré tó sá, ara ò sì ríbi tì í gbà jáde. Irun kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì yọ èyí tó ti re, kí ẹ gbé abẹ jù sílẹ̀.

Imú ni kí ẹ wò. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ìwọ̀nba tó ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Èémí tó ń gba orí ahọ́n àti inú imú kọjá ló fi ń lé ooru: bí omi ibẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ni ooru ń bá a lọ. Pug, Bulldog, Pekingese, egungun imú wọn kúrú, ẹran inú rẹ̀ ò sì dín kù. Ihò imú wọn há, ẹ̀yìn àjà ẹnu tó rọ̀ sì gùn débi tó ń dí ọ̀fun. Bó bá ṣe ń fipá mí sí i ni iṣan rẹ̀ ń mú ooru mìíràn wá, tí ọ̀fun náà ń wú. Nítorí náà, ìhanrun tí ajá ń hanrun lójú ayé kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń la ihò imú náà, tí wọ́n sì fi ń gé àjà ẹnu kúrú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti omi, torí ọ̀rọ̀ yìí ń pa ajá. Àlàyé àwọn tó ń kìlọ̀ ni pé omi tútù á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sún kì, kí ooru há sínú. Iṣan lè sún kì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tí omi ń gbà lára ju èyí tó há lọ fíìfíì. Eléré ìdárayá tí ooru bá dá wó, inú omi yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí. Ohun tó ń pa ajá ni bí ara rẹ̀ ṣe pẹ́ tó nínú ìgbóná. Aṣọ ìnura tí ẹ fi bò ó wá ńkọ́? Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti gbóná, ó ti di kùbùsù, afẹ́fẹ́ ò sì ráyè dé awọ mọ́.

Bí ahọ́n rẹ̀ bá pọ́n kọjá ààlà tàbí tó ń dà bí aró, bí itọ́ bá ki, bó bá ń bì, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tàbí tí gìrì mú un, ẹ gbé e síbi ìbòòji. Ẹ da omi ẹ̀rọ sí i láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ẹ fọwọ́ ra á wọ inú irun dé awọ, ní abíyá, ikùn àti láàárín itan. Kí fáànù máa fẹ́ sí i. Fáànù lára ajá gbígbẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Omi kò gbọdọ̀ kan imú, ẹ má sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Tó bá fúnra rẹ̀ fẹ́ mu, kó mu díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ ri ajá tí kò lè mí dáadáa sínú ọpọ́n o, èyí tó bá dákú ni kí ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Dídà tó.

Ìwọ̀n ìgbóná ara ajá tó yá gágá jẹ́ nǹkan bíi 38.3 sí 39.2°C. Ẹ máa fi tẹmómítà wò ó ní ihò ìdí. Tó bá ti wálẹ̀ dé 39.5°C, ẹ dáwọ́ omi dúró kó má bàa tutù jù. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ tó gbéra. Kí ẹnì kan máa pe dókítà ẹranko bí ẹlòmíràn ti ń da omi, kí ẹ wá gbé e lọ pẹ̀lú ara tútù nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ lọ, kódà bó bá dìde tó ń ju ìrù. Kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti dídì ẹ̀jẹ̀ lè dàrú lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta.

Ti ìdènà ò gùn. Òwúrọ̀ kùtù tàbí alẹ́ ni kẹ́ ẹ máa mú un jáde, okùn tó gba àyà ni kó wọ̀, kì í ṣe èyí tó ń fún ọrùn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìhà rẹ̀ tí ẹ ò rí egungun fọwọ́ bà, ó ti sanra jù, ọ̀rá yẹn sì wà lọ́fun náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dúró, ẹ ò báà ṣí fèrèsé díẹ̀: bí ìta bá jẹ́ 24°C péré, inú ọkọ̀ lè dé nǹkan bíi 34°C ní ìṣẹ́jú 10, kó dé 43°C ní ìṣẹ́jú 30.

Mi ò rí ajá yín o. Bó bá ní àrùn ọkàn tàbí oògùn tó ń lò, ti dókítà tó mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Kẹ́ ẹ sì mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wo ihò imú yẹn.