Ẹ Bi Ìyá Láàbù: Alàgbà ní ìyípadà inú DNA kò lè mú ire wá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Bàọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS3. Nígbà tí mo dé orí ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, alàgbà kan ní ìjọ wa pè mí. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kan ti rí i pé Ọlọ́gbọ́n kan ló dìídì to DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, àti pé bí ó bá yí padà, ìbàjẹ́ nìkan ló ń fà. Kí ni kí n sọ? Ṣé mo lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kí n sì máa jẹ́ ọmọ ìjọ?
Olùkọ́, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Òkun o, olùkọ́. Ẹ jẹ́ ká fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ná, ká wá sí láàbù ní Kàbà, níbi tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àfẹ́sọ́nà wò kí n tó fẹ̀yìn tì. A máa ń kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì fi iná mànàmáná fà á. Lẹ́tà la fi ń pe oríṣi himoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀: oríṣi A ló ń sáré jù, S á tẹ̀ lé e, C ni àgbẹ́yìn. Àwọn tó bá rí AS á máa bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe, bíi pé èmi ni mo fi sí wọn lára.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú DNA tí S fi wáyé. Ẹni tó jogún méjì ló ń ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Ẹni tó jogún ẹyọ kan, ibà kì í tètè pa á. Onímọ̀ ìṣègùn kan, Anthony Allison, ti kọ èyí jáde láti ọdún 1954. Torí náà, níbi tí ẹ̀fọn ti pọ̀, ọmọ AS ló ń dàgbà tó ń bímọ jù, S sì ń tàn kálẹ̀. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní i.

C ló tiẹ̀ ń jọ mí lójú jù. Lẹ́tà tó fẹ̀gbẹ́ kan ti S gan-an ló yí padà. Apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti pọ̀ jù, òun náà ń gbani lọ́wọ́ ibà, àmọ́ CC kì í fìyà jẹni tó SS. Ìyípadà méjì, lójú kan náà, sí ọ̀tá kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló dìídì ṣètò ààbò yìí, kí ló dé tó fi yan S, tó ń gba ẹ̀gbọ́n là, tó ń pa àbúrò? Lójú tèmi, ó ṣèèṣì yí padà ni, ibà ló wá ń ṣà wá lẹ́ṣà.

Ká má purọ́ mọ́ àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tí alàgbà ń sọ o. Michael Behe, tó wà lára àwọn aṣáájú wọn, kò jiyàn lórí S. Ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́ ló ń tọ́ka sí: ó ní bí a bá yọ ẹ̀yà kan, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀yà ìrù yẹn jọ abẹ́rẹ́ tí kòkòrò táífọ́ọ̀dù fi ń gún ara wa. Ẹ̀yà abẹ́rẹ́ náà kò pé ti ìrù, síbẹ̀ ó rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀kọ́ Ọlọ́gbọ́n yìí kọ́ ọmọ ilé ìwé dé kóòtù ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ní 2005. Adájọ́ John Jones ní ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ní ti ìjọ, Kenneth Miller, onímọ̀ bàọ́lọ́jì tó jẹ́rìí tako wọn ní kóòtù yẹn, ọmọ Kátólíìkì ni. Francis Collins tó darí iṣẹ́ kíka DNA ènìyàn títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 2003, Kristẹni ni. Èmi náà kò tíì pa ẹgbẹ́ akọrin jẹ. Bí alàgbà bá tún pè yín, ẹ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bi wọ́n ní jínótáìpù wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.