Táìlì Pupa Lókè, Odò Nísàlẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé kan tí wọ́n kọ́ ní 1926 ní Riverside, Illinois, kò jìnnà sódò Des Plaines. Ògiri funfun, òrùlé táìlì amọ̀ pupa, ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, bí ilé etí òkun Mẹditaréníà gẹ́lẹ́. Alágbàtà ní táìlì náà á lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ṣé òótọ́ ni? Odò yẹn ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Kò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Táìlì amọ̀ gidi a máa lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n páálí ọlọ́dà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ló ń dá omi dúró gan-an, ìyẹn kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó lè ti jẹrà kí táìlì ṣì máa dán lókè. Lọ́jọ́ tí òjò bá dá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì gun àjà. Ẹ wo pákó tó yí ihò èéfín ká, àti abẹ́ ibi tí òrùlé méjì ti pàdé. Bí pákó bá dúdú, tí èékánná sì wọ inú rẹ̀, omi ti ń jò níbẹ̀ tipẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣí táìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pààrọ̀ páálí, kí wọ́n tò ó padà. Díẹ̀ á fọ́, torí náà ẹ bèèrè bóyá onílé ní táìlì àfipamọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn máa rìn lórí rẹ̀.

Ilé ilẹ̀ olóoru ni wọ́n gbé wá sílẹ̀ oníyìnyín yìí, ògiri rẹ̀ ló sì ń jìyà ẹ̀. Omi á wọ ibi tó sán, á dì, á wú, á sì ti ìrẹ́ kúrò lára ògiri. Ẹ fi ìka kan ògiri: tó bá dún gbì, ó dáa, tó bá dún bí agbè òfìfo, ó ti ṣí. Kí bíríkìlà má fi sìmẹ́ńtì líle lẹ ìrẹ́ àtijọ́ tó rọ̀. Etí ibẹ̀ ni yóò tún sán.

Ní ti odò, ẹ rántí pé ó kún ya wọ ilé àwọn èèyàn ní oṣù kẹrin 2013. Ìdójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ìdójútòfò omíyalé ti ìjọba àpapọ̀ máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àyàfi tí ẹ bá gbà á pọ̀ mọ́ owó báńkì tí ẹ fi ń ra ilé. Kò lè ju $250,000 lọ fún ilé àti $100,000 fún ẹrù, kò sì ka kápẹ́ẹ̀tì tàbí àga inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kún. Ẹ ka ìwé tí òfin Illinois ní kí onílé kọ, níbi tó ti ní láti sọ bóyá ó mọ̀ pé omi ń ya wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Láti 1970 ni ìjọba àpapọ̀ ti ka Riverside mọ́ ibi ìtàn, àmọ́ ìyẹn nìkan kò dí ẹni tó ń ná owó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ Riverside fúnra rẹ̀ ló lè dí yín. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má sì ha ọ̀dà ara fèrèsé láì fi omi rin ín: ilé tó ṣáájú 1978 lè ní ọ̀dà olójé, tí eruku rẹ̀ léwu, òfin sì fún olùrà ní ọjọ́ 10 láti yẹ̀ ẹ́ wò.