Àsíá tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ọmọ yín ọkùnrin lẹ àsíá Nàìjíríà mọ́ lọ́kà ẹ̀, ìyẹn àpótí onílẹ̀kùn tí wọ́n ń kó ìwé sí, ní háì skúùlù, tísà ní kó yọ ọ́, òbí kan tún wá sọ pé ẹni tó bá fẹ́ràn Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀ kó padà síbẹ̀. Ẹ ń bèèrè pé ṣé kó kúkú yọ ọ́ kí àlàáfíà lè wà. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi níbí ní Texas lọ́dún 2018, ọmọ mi obìnrin ni tèmi, ó sì dùn mí wọnú egungun.

Màmá mi ló fi àsíá yẹn ránṣẹ́ sí i láti Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn. Télọ̀ àdúgbò ló rán an, apá àwọ̀ ewé kan fẹ̀ ju ìkejì lọ díẹ̀, òwú funfun ló sì fi ká etí ẹ̀ yí ká. Ọmọ mi fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́kà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n pè mí níbi iṣẹ́, mo débẹ̀, igbákejì púrínsípà fà á jáde látinú ẹńfílọ́ọ̀pù búráùn, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, sẹ́lótéèpù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ti fa òwú etí ẹ̀ ya. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo pariwo, mo ní màá gbé wọn lọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ n ò tíì ka ìwé òfin skúùlù tí èmi fúnra mi fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ.

Ìgbà tí mo délé tí mo kà á ni mo rí i pé skúùlù ló ni lọ́kà, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ lẹ nǹkan mọ́ ọn níta. Báàgì ọmọ àti ẹ̀wù ọrùn ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Látọdún 1969 ni kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́, nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ Iowa tí wọ́n so aṣọ dúdú mọ́ apá nítorí ogun Vietnam, pé ẹ̀tọ́ ọmọ ò parí sí géètì skúùlù, àfi tí nǹkan náà bá fẹ́ da ẹ̀kọ́ rú. Àfi yẹn lágbára o, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ní California ní 2010, lọ́jọ́ Cinco de Mayo tí àwọn ọmọ Mẹ́síkò ń ṣayẹyẹ, skúùlù kan ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ẹ̀wù àsíá Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ yí i sódì tàbí kí wọ́n máa lọlé torí ìbẹ̀rù ìjà, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì gbè sẹ́yìn skúùlù ní 2014.

Torí náà ẹ kọ ímeèlì, ẹ bi wọ́n pé òfin wo ni, ṣé gbogbo ọmọ ló kàn? Nígbà tí mo padà lọ, mo rí sítíkà fútúbọ́ọ̀lù lára lọ́kà bíi mélòó kan, mo rí àsíá Ireland lára òmíràn. Ohun tí mo kọ nìyẹn, láìbú ẹnikẹ́ni. Wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ pátá, ọmọ mi wá so tiẹ̀ mọ́ báàgì.

Ọ̀rọ̀ ta ló nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, ẹ má bá skúùlù sọ ọ́ rárá, kò kàn wọ́n. Ní Texas níbí wọ́n ń ka ìbúra àsíá Amẹ́ríkà àti ti Texas láràárọ̀, ọmọ mi ń dìde, ó ń kà á, ọmọkùnrin kan ní irọ́ ló ń pa. Kò sì sẹ́ni tó lè fipá mú ọmọ kà á, kóòtù ti parí ìyẹn láti 1943.

Ilé ni iṣẹ́ wà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ọmọ yìí bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ parọ́ lọ́jọ́ tí ẹ búra ni?" Torí nínú ìbúra tí àwa àjèjì ń ṣe ká tó di ọmọ Amẹ́ríkà, a sọ ọ́ lẹ́nu pé a kọ ìjọba yòówù tí a ti wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo dákẹ́ pẹ́. Mo wá ní rárá, n ò parọ́. Ibí ni mo ń san owó orí sí, ibí ni mo ti ń dìbò, òfin ibí ló ń darí mi. Àmọ́ ìyá àgbà ẹ kì í ṣe ìjọba. Òun náà wọ ilé ọkọ, ibẹ̀ ló ti dáná títí irun ẹ̀ fi funfun, kò sẹ́ni tó ní kó gbàgbé oríkì ilé bàbá tó bí i. Mo tún sọ fún un pé ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní London, Táíwò Akínkúnmi, ló ya àsíá yẹn ní 1959, ó tiẹ̀ ya oòrùn pupa sí àárín ẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Òkèèrè ló jókòó sí tó fi ń ro ilé. Ọmọ mi ní kí n tún un sọ.

Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá tísà sọ ọ́. Tó bá sì ní òun ò so ó mọ́, ẹ má bá a jà. Tèmi so tiẹ̀ fún oṣù méjì, ó tú u, ó fi abẹ́rẹ́ rán ibi tó ya, ó kó o sínú àpótí ẹ̀.