Ẹ Bi Wá: Ṣé A Lè Da Kòkòrò Ajepo Sínú Ọ̀sà?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ apẹja ni mí, bèbè ọ̀sà ni mo sì ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta. Láràárọ̀ ni mo ń rí epo tó ń dán bí òṣùmàrè lójú omi, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń tún ẹńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi DNA rí kòkòrò tó ń jẹ epo nínú òkun. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn kò kó wọn wá dà sínú ọ̀sà wa? — Ọmọ Apẹja, Èbúté Mẹ́ta.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Apá kejì ìbéèrè yín ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé irú wọn ti wà nínú omi tí ẹ ń wò láràárọ̀ yẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó wọn wá.

Bakitéríà ni wọ́n, ojú lásán kò sì lè rí wọn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yóò ta omi òkun sórí oúnjẹ nínú àwo pẹrẹsẹ kan, yóò sì máa retí ohun tí yóò hù. Èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà òkun kì í hù nínú àwo, bí àlejò tí a gbé oúnjẹ ilẹ̀ ibòmíràn fún tí kò fọwọ́ kàn án. Lóde òní, wọ́n máa ń sẹ́ omi náà gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè kọjá, wọ́n á yọ DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó wà nínú ohun alààyè, lára ohun tó kù sórí asẹ́, ẹ̀rọ á ka lẹ́tà mẹ́rin tí a fi kọ ọ́, A, T, G àti C, kọ̀ǹpútà á sì fi wọ́n wé àkójọ èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Jíìnì ni apá kan nínú DNA tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní 16S, tí ó gùn tó nǹkan bíi lẹ́tà 1,500, wà lára gbogbo bakitéríà. Ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ inú rẹ̀ ló ń fi ìran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá hàn, bí ilà ojú ṣe ń fi ọmọ Ọ̀yọ́ hàn yàtọ̀ sí ọmọ Oǹdó. Ṣùgbọ́n ilà ojú kì í sọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Kí a tó mọ̀ bóyá bakitéríà kan lè jẹ epo, a ní láti wá irú jíìnì tí wọ́n ń pè ní alkB, èyí tí bakitéríà fi ń ṣe ẹ́ńsáìmù (irinṣẹ́ kékeré inú ara tó ń gé èròjà tàbí yí i padà) tó ń ki ọ́síjìn bọ inú èròjà epo kí ó lè di jíjẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yẹn sọ́kàn.

Gbajúmọ̀ inú wọn ni Alcanivorax borkumensis, tí ó gba orúkọ lára erékùṣù Borkum ní Jámánì. Ọdún 1998 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, nígbà tó sì di 2006, wọ́n ti ka DNA rẹ̀ tán, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.1 lẹ́tà. Ó tún ń ṣe ohun kan tó dà bí ọṣẹ, tó ń fi tú epo sí wẹ́wẹ́, bí a ṣe ń fi ọṣẹ ṣí epo ọbẹ̀ kúrò lára ìkòkò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, ibùdó ìwakùsà epo Deepwater Horizon gbiná nínú òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò. Ènìyàn 11 kú, epo sì ń tú jáde fún ọjọ́ 87 láti ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó mítà 1,500. Àwọn tó ka DNA omi ìsàlẹ̀ náà rí i pé ìran bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Oceanospirillales ti pọ̀ rẹpẹtẹ nínú omi tí epo wà, ju ti ibi tí epo kò dé lọ. Kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n síbẹ̀. Epo ló dé, ni wọ́n bá ń bí sí i.

Ohun tó sábà ń dá wọn dúró ni pé epo nìkan kò tó wọn jẹ, àfi bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀. Wọ́n nílò náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sí etíkun Alaska ní 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí etí omi kí àwọn bakitéríà ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ìṣòro ọ̀sà Èkó yàtọ̀ sí èyí. Omi ìdọ̀tí tó ń ti inú gọ́tà wá ń gbé náítírójìn wá fún un. Ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí yẹn àti lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe ń jẹrà ni wọ́n ń gba ọ́síjìn inú omi, pàápàá nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, epo tó bá sì rì síbẹ̀ yóò pẹ́. Bí a tilẹ̀ da àgbá bakitéríà mẹ́wàá sí i, wọn kò ní rí ọ́síjìn lò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì DNA nìkan tàn yín. Ẹ̀rọ náà ń ka DNA bakitéríà tó ti kú pẹ̀lú, jíìnì tó wà nínú àpò kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ń lò ó. RNA, tí bakitéríà ń ṣe nígbà tó bá ń lo jíìnì, ni wọ́n ń kà láti mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Ìbéèrè: Ṣé bakitéríà tó ń jẹ ike lè bá wa jẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Ideonella sakaiensis, tí àwọn ará Japan kéde ní 2016. Ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń tún ìgò ike ṣe ní ìlú Sakai ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe inú òkun. PET, tí wọ́n fi ń ṣe ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ni ó ń jẹ, ó sì gbà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti jẹ èyí tó fẹ́lẹ́ tán. PET ní oríkèé tí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ lè gé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀, nítorí náà bakitéríà ará Sakai kò ní fọwọ́ kan èyí tó ń dí gọ́tà yín.