Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Di Mọ́tò: Ẹ Ka Oríkèé Kẹ́ ẹ Tó Sanwó

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin máa pé ọdún mẹ́fà lóṣù tó ń bọ̀, róbọ́ọ̀tì tó ń yí padà di mọ́tò ló ń béèrè. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, mo rí ọ̀kan tó ga bí ìgò omi, mo rí òmíràn tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí kékeré yẹn ló tún wọ́n jù. Kí ló fà á? Èwo ni kí n rà?*
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́

Ẹ kúuṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ má fi gíga rà á. Oríkèé lẹ ń sanwó fún, ìyẹn gbogbo ibi tó ń ká, tó ń nà, tó ń yí lára ẹ̀. Èyí tó ga bí ìgò omi yẹn lè má ní ju márùn-ún lọ: apá méjì, ẹsẹ̀ méjì, orí. Èyí kékeré lè ní ogún, kí ilẹ̀kùn mọ́tò di ìyẹ́ ẹ̀yìn, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì di àyà, kí táyà ká wọ inú ojúgun. Ibẹ̀ lowó ń lọ.

Nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ kà lára páálí. Ọjọ́ orí lèkíní. Nínú àwọn Transformers, róbọ́ọ̀tì tó ń yí padà tí ilé iṣẹ́ Hasbro ń ṣe, èyí tí wọ́n kọ 3+ sí (ọmọ ọdún mẹ́ta sókè) máa ń ki, kì í sì í ní ẹ̀yà wẹ́wẹ́. Àwọn 6+ wà tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ wọ́n di mọ́tò. 8+ ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Deluxe, tó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14, àti Voyager, tó tó nǹkan bíi 18, sábà máa ń jẹ́. Irú èyí làwọn àgbàlagbà náà ń rà kó jọ. Ìkejì ni iye ìgbésẹ̀, ìyẹn iye ìgbà téèyàn máa yí i kó tó di mọ́tò, torí wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò tíì ní irú ẹ̀ rí, àwa ò ní kọjá mẹ́wàá. Tó bá ti lé ní ogún, ẹ̀yin lẹ ó máa bá a yí i: ẹ ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́, á gbé e wá, ẹ ń we gèlè, á tún gbé e wá. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, abẹ́ àga lẹ ó ti bá a.

Tí ọlọ́jà bá gbà kẹ́ ẹ ṣí páálí, ẹ gbé apá rẹ̀ sókè dé èjìká, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀. Apá tó bá já wálẹ̀ fúnra ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí á fi máa yọ. Ẹ gbé e dúró lórí káńtà, kẹ́ ẹ rọra mi káńtà náà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá á ṣubú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ọ́ di mọ́tò, kẹ́ ẹ tì í. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀; tí ọ̀kan bá ń léfòó, ara ẹ̀ kan ni kò wọlé dáadáa. Tí ọlọ́jà bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ ò lè ṣí i, ẹ bi í bóyá á gbà á padà. Ìdáhùn ẹ̀ á ti sọ ohun tó kù fún yín.

*Róbọ́ọ̀tì méjì ni mo ti rà, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ló já. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ojúlówó ni. Báwo lèèyàn ṣe ń dá ayédèrú mọ̀?*
Bàbá Ìbejì, Oǹdó

Ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tàbí inú itan. Lára ojúlówó Transformers, ẹ sábà máa bá lẹ́tà tín-ín-tìn-ín tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara rọ́bà náà, tó dárúkọ Hasbro àti Takara Tomy. (Hasbro ti Amẹ́ríkà ló gbé orúkọ Transformers jáde lọ́dún 1984, àmọ́ ara àwọn ohun ìṣeré Takara ti Japan ni wọ́n ti mú àwọn àkọ́kọ́ jáde.) Àwọn tó ń ṣe ayédèrú sábà máa ń ha ibẹ̀ kúrò, á wá dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Àwọn míì ń tẹ tiwọn náà sí i, nítorí náà ẹ fọwọ́ kan ara ẹ̀: etí rọ́bà tó ń ha èèyàn lọ́wọ́, ọ̀dà ojú tó ṣàn kọjá imú, òórùn tó ń ta yín nímú lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣí páálí tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó já lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Ìbejì, ká má di gbogbo ẹ̀ ru ọlọ́jà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó ń dá a ni pé wọ́n yí i láìtẹ̀lé ètò. Tó bá wà ní mọ́tò, ahọ́n rọ́bà kékeré kan sábà máa ń wọ inú ihò láti so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Tọ́mọ bá ń fa orúnkún nígbà tí ahọ́n yẹn ṣì wà nínú ihò, ìtòsí ibi tí irin tín-ín-rín gba kọjá á kọ́kọ́ funfun. Rọ́bà tó bá ti ń funfun ti ń sunkún nìyẹn, sísán ló kù. Ẹ sọ fún wọn pé èyí tí kò bá yí, nǹkan kan ló dì í mú. Kí wọ́n wá nǹkan náà, kí wọ́n má fi agbára kún un. Kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya ìwé àlàyé inú páálí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, torí ìwé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Ẹ má sì fi í sórí dáṣíbọọ̀dù lọ́sàn-án, oòrùn á tẹ̀ ẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n ni mo rà á fún, àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún kan àbọ̀ ló ń fi sẹ́nu. Ṣé kò léwu?*
Ìyá Ayọ̀, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

Ó léwu. Ẹ mú páálí roboto tó wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ohunkóhun tó bá gba inú ẹ̀ kọjá, ìbọn, idà, ìkúùkù tó ń yọ, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

Èyí tó ń tanná tàbí tó ń ké ló ń bà wá lẹ́rù jù, nítorí bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì tó wà nínú ẹ̀. Ìdérí bátìrì náà gbọ́dọ̀ ní síkúrù. Èyí tí èékánná lè ṣí, ẹ má rà á. Tọ́mọ bá gbé bátìrì yẹn mì, láàárín wákàtí méjì péré ó lè ti jó ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bì, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray lójú ẹsẹ̀. Oyin nìkan ló yàtọ̀: ọmọ tó bá ti ju ọdún kan lọ, tẹ́ ẹ bá ní oyin nítòsí, ẹ fún un ní ṣíbí tíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Ẹ má torí oyin dúró o.

*Apá róbọ́ọ̀tì ọmọ mi ti dẹ̀, kì í dúró sókè mọ́. Ṣé kí n fi gúlù sí i?*
Tíṣà, Oǹdó

Gúlù kẹ̀! Á gan, kò sì ní yí mọ́. Ẹ wò ó bóyá síkúrù ló dì í mú. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sukudiráfà kékeré táwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò ti tó. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró níbi tó bá ti ń le, torí bẹ́ ẹ bá fún un jù, ihò rọ́bà á jẹ. Bó bá jẹ́ orí rogodo tó wọ inú ihò ni, ẹ fà á yọ gbọọrọ, ẹ má lọ́ ọ. Ẹ nu ún, kẹ́ ẹ fi kutẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ kùn ún yíká lẹ́ẹ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò ní tó di ọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá tì í padà kó tó gbẹ dáadáa, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú gúlù. Tó bá ṣì dẹ̀, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ihò tó bá ti là sí méjì ni kutẹ́ẹ̀sì ò lè ràn lọ́wọ́.