Nínú halothane, isoflurane, sevoflurane àti desflurane, èwo ló yẹ kí ọmọdé fà símú láti sùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un?

Sevoflurane ni. Kì í ta ọmọ nímú, ó sì tètè ń gbé e sùn, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò sínú ẹ̀jẹ̀: ìwọ̀n ìyòrò rẹ̀ tó 0.65, ti isoflurane 1.4, ti halothane 2.4. Bí ìwọ̀n yìí bá ṣe kéré tó ni oorun ṣe ń yá tó.

Ti desflurane ló kéré jù, 0.42, ṣùgbọ́n ó ń ta gan-an: ọmọ á wúkọ́, á sé èémí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì lè fún pa. Halothane kì í ta, àmọ́ ó lè da lílù ọkàn rú.

Ọmọ tí ara ẹbí rẹ̀ kan ti gbóná kọjá ààlà lábẹ́ oògùn akunnilóorun kò gbọdọ̀ fa ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.