Ìmùlẹ̀ ààbò orílẹ̀-èdè méjì: ibo la ti ń wá èrè rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ Government ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí. A fẹ́ ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú ilé ìwé míì. Àkọlé tí wọ́n fún wa ni pé àdéhùn ààbò tó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Gúúsù Kòríà ti di ẹrù lọ́rùn àwọn méjèèjì. Àwa la máa ta kò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí àwọn ọmọ mi ń rí sọ kò ju "ọ̀rẹ́ dára" lọ. Kí ni ká wò, ibo la ti máa wò ó, kí ọ̀rọ̀ wa lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. "Ọ̀rẹ́ dára" yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, torí òun ni àwọn alátakò á fi gbé wọn ṣánlẹ̀. Kò sí ìjọba tó ń kó sójà rẹ̀ lọ sùn nílẹ̀ onílẹ̀ fún ohun tó lé ní 70 ọdún nítorí ìfẹ́ lásán.

Inú ìwé àdéhùn náà gan-an ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò gùn, orí mẹ́fà péré ni. Washington ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, 1953, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Kí wọ́n ka orí kẹta, kí wọ́n tún un kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ní bí wọ́n bá kọlu Kòríà, Amẹ́ríkà á jà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá gbógun ti ọ̀kan nínú wọn ní agbègbè òkun Pàsífíìkì, èkejì á kà á sí ewu fún ara tirẹ̀, á sì gbé ìgbésẹ̀ bí òfin ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀. Irú ìgbésẹ̀ wo? Ìwé náà dákẹ́. Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà tún fi tiwọn lé e, pé ìrànlọ́wọ́ ò di dandan àfi tó bá jẹ́ pé ará ìta ló gbógun wá. Ìdí wà fún un. Ààrẹ Syngman Rhee ti Gúúsù Kòríà ò fẹ́ kí ogun tí wọ́n ń bá Àríwá Kòríà jà dúró ní 1953, ó fẹ́ máa jà lọ títí á fi gba àríwá. Amẹ́ríkà fún un ní àdéhùn kó lè jẹ́ kí ìbọn dákẹ́, wọ́n sì so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kó má baà fà wọ́n wọ ogun mìíràn. Ibi àkọ́kọ́ tí èrè wà nìyẹn, ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í sì í wò: ìmùlẹ̀ ń di ọ̀tá lọ́wọ́, ó ń di ọ̀rẹ́ pàápàá lọ́wọ́.

Orí kẹrin ló fún Amẹ́ríkà láyè láti kó sójà síbẹ̀. Orí kẹfà ní àdéhùn náà kò ní gbèdéke, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sú lè fún ìkejì ní ìwé, kí ó sì jáde lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ fi èyí sápò, a máa padà sí i.

Tí ìwé náà bá rọ̀ tó báyìí, kí ló wá ń ba ọ̀tá lẹ́rù? Ẹ wo òpópónà méjì ní Bódìjà tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wọn jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á máa gba ara wọn. Olè ò ka ìwé. Ohun tí olè ń wò ni bóyá ọlọ́dẹ ibí fun fèrè kí tọ̀hún sì dáhùn lóru ọjọ́ náà, àti bóyá kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni kí àwọn ọmọ yín kà lé wọn lọ́wọ́. Sójà Amẹ́ríkà tó wà ní Gúúsù Kòríà tó nǹkan bí 28,500, Camp Humphreys ní Pyeongtaek, ní gúúsù Seoul, sì ni báráàkì wọn tó tóbi jù. Láti 1978 ni àwọn méjèèjì ti ní ilé-iṣẹ́ aláṣẹ ogun kan ṣoṣo: ọ̀gágun Amẹ́ríkà ni olórí, ọ̀gágun Kòríà ni igbákejì, wọ́n sì jọ ń jókòó sí ọ́fíìsì kan náà. Nígbà àlàáfíà, Kòríà ló ń darí ọmọ ogun tirẹ̀ láti oṣù kejìlá 1994. Tí ogun bá dé, ilé-iṣẹ́ àjọni yẹn ló máa pàṣẹ. Wọ́n ń ṣe ìdánrawò ńlá lóṣù kẹta àti lóṣù kẹjọ. Ọta àgbá 155 mílímítà tí Kòríà ń rọ wọ inú àgbá Amẹ́ríkà. Ohun kékeré nìyẹn lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ogun tí ọta ò bá ti wọ inú àgbá ọ̀rẹ́, tí rédíò ò gbọ́ra wọn, ara wọn ni wọ́n á máa yìnbọn lù. Irú nǹkan báyìí ò ṣeé fi owó rà lọ́dún kan. Ìdí tí pípẹ́ àdéhùn fi níye lórí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan sọ ìtàn igi Panmunjom, ní ẹnubodè Kòríà méjèèjì, ó máa ń mú èèyàn lọ́kàn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, 1976, sójà Amẹ́ríkà àti ti Gúúsù Kòríà fẹ́ rẹ́ ẹ̀ka igi pópúlà kan tó dí ojú àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Sójà Àríwá Kòríà yọ sí wọn, wọ́n sì pa ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà méjì, àáké wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, sójà Amẹ́ríkà padà dé pẹ̀lú ayùn tó ń lo ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ogun Gúúsù Kòríà dúró tì wọ́n, hẹlikópítà ń fò, ọkọ̀ òfuurufú B-52 wà lókè. Kò pé wákàtí kan tí igi fi wó. Àwọn ará àríwá kóra jọ, wọ́n ń wò, wọn ò yìnbọn. Kim Il-sung, olórí Àríwá Kòríà, fi ìwé ránṣẹ́ pé ó dun òun pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Kí wọ́n wá fi ìgbà tí kò sí ìmùlẹ̀ wé e. Ní oṣù kìíní 1950, Dean Acheson, akọ̀wé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, to àwọn ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà máa dáàbò bò ní Pàsífíìkì. Kòríà ò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà ọdún yẹn, Àríwá Kòríà gbógun dé. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má sọ pé ọ̀rọ̀ Acheson nìkan ló fà á.

Fún mi, ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti 1971. Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà, kó ìpín ọmọ ogun kan, bí 20,000 èèyàn, kúrò ní Kòríà. Kí ni Ààrẹ Park Chung-hee ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ǹbù átọ́míìkì ní bòókẹ́lẹ́. Amẹ́ríkà gbọ́, wọ́n fúngun mọ́ ọn, Kòríà sì wọ àdéhùn tó lòdì sí títan ohun ìjà átọ́míìkì kálẹ̀ ní 1975. Ẹni tó bá ní ẹrù ni àdéhùn yìí, ẹ bi í pé èló ni Kòríà méjì tó ní bọ́ǹbù máa ná ayé.

Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ owó kò yín lójú. Láti 1991 ni Kòríà ti ń dá sí owó ìtọ́jú sójà náà. Ti 2026 jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù 1.52 won, owó ilẹ̀ Kòríà. Owó oṣù àwọn ọmọ Kòríà tó ń ṣiṣẹ́ ní báráàkì, ilé kíkọ́ àti ìkẹ́rù ló ń bá lọ, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í kúrò nílùú. Kòríà náà sì ti san án padà lọ́nà míì: sójà rẹ̀ tó lọ jà ní Vietnam lé ní 300,000.

Ibi tí mo ti bẹ̀rù fún yín ni pé ọmọ Ìbàdàn ni alátakò yín. Á ní Ìbàdàn náà gba Òṣogbo lọ́wọ́ Ìlọrin ní nǹkan bí 1840, pé láti ibẹ̀ ni ààbò ti di ajẹ́lẹ̀ nílùú onílùú, tí Èkìtì Parapọ̀ fi dìde tí Ogun Kíríjì sì jà títí di 1893. Òótọ́ ni, ẹ má jiyàn rẹ̀. Àsìkò yìí lẹ máa yọ orí kẹfà jáde: ta ló fún ajẹ́lẹ̀ ní ìwé ọdún kan rí tó sì palẹ̀ mọ́ lọ? Nàìjíríà gan-an ti ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College n'Ìbàdàn yìí kọrí sí ilé aṣòfin l'Ékòó láti tako àdéhùn ààbò wa pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di oṣù kìíní 1962, ó ti tú. Kò sí ọ̀tá kan tí àwọn méjèèjì jọ ń bẹ̀rù, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì gbà pé wọ́n fi há wa lọ́fun ni.

Bí ọmọ kan bá fẹ́ dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Pọ́túgàl pé tiwọn ti wà láti 1386, ẹ dá a dúró. Ní 1943 ó ṣiṣẹ́, Pọ́túgàl fún Gẹ̀ẹ́sì láyè ní erékùṣù Azores. Ní 1961, Íńdíà gba Goa lọ́wọ́ Pọ́túgàl, Gẹ̀ẹ́sì ò sì rán sójà kankan.